Ojú Tí A Fẹ́ Sin

Inú máa ń tètè bí mi, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Kábbà. Bí ẹnì kan bá gbé kọ̀ǹpútà wá, tó ní òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan, tí mo wá rí i pé ọ̀bẹ ìdáná ni wọ́n fi tú ẹ̀yìn rẹ̀, màá sọ̀rọ̀ débi tí oníbàárà yóò fi fẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ padà. Ọkọ mi ní ẹnu mi ni yóò ti ṣọ́ọ̀bù náà pa lọ́jọ́ kan. Kó tì í. Kàkà kí n wo ojú ènìyàn kí n purọ́ fún un pé nǹkan rẹ̀ tó ti bàjẹ́ ṣì ń bọ̀ wá dáa, kí ṣọ́ọ̀bù náà kúkú tì.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá ohun tó sọnù sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan wà nínú àwọn iṣẹ́ tí mo ti ṣe tí kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn tó gbọ́ nípa rẹ̀ máa ń rò pé torí ó le ni. Kò le jù. Mo ti ṣe èyí tó le jù ú lọ, mo gbàgbé rẹ̀ kí n tó délé.

Orí ikú bàbá onífọ́tò kan ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bàbá ọ̀hún kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Òun ló ya ìgbéyàwó mi, òun náà ló ya ìyá mi nígbà tí a tẹ́ òkú rẹ̀. Láti Kábbà dé Ìyámoyè, dé Odò-Ẹrẹ̀, ilé tí kò ti gbé kámẹ́rà wọ̀ kò pọ̀. Nígbà tí fọ́tò di ti kọ̀ǹpútà, ó ní kí n bá òun wá ibi tí òun lè kó gbogbo iṣẹ́ òun sí tí kò ní sọnù. A ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ńlá kan, irú èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní sáfà. Dísìkì mẹ́rin, irin pẹlẹbẹ tí fáìlì ń wà nínú wọn, ló wà nínú rẹ̀, bàbá sì fi gègé kọ nọ́ńbà sára ìkọ̀ọ̀kan wọn, láti orí ọ̀kan dé ẹ̀rin.

Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòroó yé ènìyàn. Ẹ mú ìwé kan, ẹ ya á sí wẹ́wẹ́, ẹ pín in fún ọmọ mẹ́rin, kí ẹ sì kọ́ wọn débi pé bí ẹnì kan bá sọ tirẹ̀ nù, àwọn mẹ́ta yòókù á lè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Káàdì kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ náà, òun ló mọ ọmọ tó di ègé wo mú, àti ègé tó ń tẹ̀lé ègé. Kí dísìkì kan kú kì í ṣe ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá da ipò wọn rú, tó sì tún kọ́ káàdì náà ní ètò mìíràn, ọ̀rọ̀ di rúdurùdu, ègé kan kò ní mọ èkejì rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa bàbá náà, ó ti ń ṣàìsàn bọ̀ fún oṣù mélòó kan. Nínú ìdílé wọn, òkú oníṣẹ́ ọwọ́ kì í dá sùn. Bàbá tó bí i lọ́mọ, alágbẹ̀dẹ ni, ọmọ-owú àti ẹwìrì rẹ̀ ni wọ́n kó sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ. Nítorí náà wọ́n kó kámẹ́rà bàbá jáde. Àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ní kámẹ́rà nìkan kò tó, pé inú sáfà gan-an ni iṣẹ́ bàbá àwọn wà. Ẹ̀rọ náà wúwo, kò ṣeé gbé jó. Ni wọ́n bá fa dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ. Dísìkì mẹ́rin, ọmọ mẹ́rin! Wọ́n ní Ọlọ́run ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi kẹrosíìnì nù wọ́n kí wọ́n lè máa dán lójú àlejò, kẹrosíìnì sì nu nọ́ńbà tí bàbá kọ lọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀ sórí tírè tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, wọ́n rù ú, wọ́n jó yí ìlú ká. Èmi náà wà níbẹ̀ o, mo ń jó lẹ́yìn wọn. Aṣọ funfun ni mo rí, mo rò pé Bíbélì ló wà níbẹ̀.

Àwọn tó yá wọn ní àga kò tíì wá kó àga wọn tí obìnrin kan fi wọlé láti Ìyámoyè. Àgbẹ̀ ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó bá wọn kẹ́dùn tán, ó wá ní òun mọ̀ pé kò yẹ kí òun máa bi wọ́n lóhun tí òun fẹ́ bi wọ́n yìí nínú ilé ọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n bàbá wọn ló ya ìgbéyàwó ọmọ òun, òun sì nílò fọ́tò ọkọ òun. Ó sọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Àánú rẹ̀ ṣe àkọ́bí. Ojú ẹsẹ̀ ló kó dísìkì lórí tírè, ó lọ ń kì wọ́n padà sínú ẹ̀rọ.

Ta ni yóò kọ́kọ́ wọlé nínú wọn? Họ́wù, èyí tí àkọ́bí rù ni! Ó ki tirẹ̀ sí ihò àkọ́kọ́, ti àbúrò tó tẹ̀lé e sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé ti àbíkẹ́yìn. Ẹ sọ fún mi, ọmọ Yorùbá wo ni yóò tò ó lọ́nà mìíràn? Káàdì ní òun kò dá wọn mọ̀ báyìí. Ó bi àkọ́bí bóyá kí òun to ètò tuntun fún wọn, àkọ́bí ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í bóyá kí òun nu ohun àtijọ́ kúrò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tí òkú ti wà nílẹ̀ ló ti ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni fún gbogbo ènìyàn, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í nu dísìkì láti iwájú wá sẹ́yìn, ó sì ń nù ún lọ títí wọ́n fi mú iná lọ. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń ṣépè fún àwọn tó ń mú iná lọ. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo súre fún wọn.

Ó pè mí lórí fóònù. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o." Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní kí n má bínú, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńbẹ níbẹ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, obìnrin náà wà lórí bẹ́ńṣì níta, ó ká ẹsẹ̀ jọ sínú ìró rẹ̀. "Okun o," ló fi kí mi, bí àwa ará ibí ṣe ń kí ara wa, mo sì jẹ́ ẹ. Mo wọlé. Àkọ́bí ṣàlàyé fún mi láti orí kẹrosíìnì dé orí bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣáà ń wò ó.

"O gbé dísìkì jó," ni mo wí.

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ bàbá ni."

"O gbé dísìkì jó! Lórí! Nínú oòrùn! O wá sọ fún ẹ̀rọ pé kó nù ún!"

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé fẹ́ pẹ̀tù sí i. Ó ní kí n ṣe sùúrù, pé omi ló dànù, agbè kò fọ́, àwọn dísìkì ṣáà wà láìfọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Agbè kọ́ ni a ń wá, omi yẹn gan-an la ń wá." Ẹnu mi kò dáa, mo mọ̀. Àkọ́bí jókòó sórí ilẹ̀, ọkùnrin tó ní irungbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní òun ti sin bàbá òun lẹ́ẹ̀mejì. Ìbínú mi kú síbẹ̀. Mo tú àwọn dísìkì, mo kó wọn sínú àpò mi, mo bọ́ síta.

Obìnrin náà tẹ̀ lé mi. Nínú mọ́tò mi ló ti sọ ti ẹnu rẹ̀ fún mi. Ọkọ rẹ̀ lọ sóko lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, kò padà. Kò sẹ́ni tó pè pé òun ló jí i gbé. Àwọn ọdẹ wọ igbó, wọ́n rí àdá rẹ̀, wọ́n rí bàtà ẹsẹ̀ kan, wọn ò rí òun. Oṣù ń gorí oṣù. Àwọn àgbà ní òkú ọmọ sàn ju ọmọ tó sọnù lọ, èmi kò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jinlẹ̀ tó títí mo fi gbọ́ ohùn obìnrin yìí. Kò lè ṣọ̀fọ̀, kò lè ṣíwọ́ ọ̀fọ̀. Bí ajá bá gbó, á dìde. Bí ọ̀kadà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á dìde. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti wú nítorí dídìde.

Àwọn àgbà ìdílé ọkọ rẹ̀ gbà nígbà tó yá pé kí wọ́n sin ín láìsí òkú. Ó fún wọn ní aṣọ rẹ̀ pé kí wọ́n tẹ́ ẹ sínú pósí. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè máa sin aṣọ bí ẹni ń sin ìfọṣọ, kó wá ojú ọkọ rẹ̀ wá. Bó bá ti rí fọ́tò ojú rẹ̀, wọn yóò tẹ́ ẹ, wọn yóò sin ín, ara gbogbo wọn yóò balẹ̀.

"Ẹ wo inú fóònù àwọn ènìyàn, fọ́tò rẹ̀ á wà níbẹ̀," ni mo ní fún un.

"Ọmọ mi, a ti wò ó." Ọkọ rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n ya òun. Bó bá ti rí i pé ẹnì kan gbé fóònù sókè, á ti yí ojú kúrò. Káàdì ìdìbò rẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ sóko. Ìgbéyàwó ọmọ wọn wáyé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, gbogbo àlejò sì ya fọ́tò, ṣùgbọ́n ìyàwó ni wọ́n ń yà, àti kéèkì, àti ara wọn. Bàbá ìyàwó, ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni, tàbí apá rẹ̀, tàbí fìlà rẹ̀ lẹ́yìn èjìká ẹlòmíràn. Bàbá onífọ́tò nìkan ló fi ọ̀rọ̀ dídùn mú un dúró. Àìsàn sì dá a wólẹ̀ kó tó fún wọn ní ẹyọ kan nínú iṣẹ́ náà.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tó dé ibẹ̀. "Ó ní bí òun bá dúró, ṣé wọn ò ní mú ojú òun lọ. Mo ní ta ló fẹ́ mú irú ojú yìí lọ!" Ó rẹ́rìn-ín tán, ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ wa tí n kì í rú: o kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí dísìkì tó ń ṣàìsàn. Da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, kí o gbé ojúlówó sí ìpamọ́, ẹ̀dà ni kí o máa tú palẹ̀. Mo da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ. Sólà ni mo fi ṣe é, nítorí bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, ẹ̀tẹ́ ni. Ọ̀kan nínú wọn ti ń dún ṣákaṣàka nínú, ijó ló bà á jẹ́, mo sì ń gbàdúrà lé e lórí bí ẹni ń gbàdúrà fún aboyún.

Lẹ́yìn ìyẹn ó kù kí n mọ ètò wọn. Káàdì ti gbàgbé, nọ́ńbà ti lọ, bàbá ti kú. Mo wá rántí pé bàbá máa ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú fún àwọn ènìyàn, àwọn ìwé ńláńlá tí fọ́tò òkú kún inú wọn. Gbogbo wa la sì mọ bí ìwé ètò ìsìnkú ṣe ń lọ ní ìlú wa: àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, orin, ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ àwọn àna, ìdúpẹ́. Kò sẹ́ni tí í yí i padà. Bí mo bá rí ibi tí ìtàn ìgbésí ayé ti gé lára dísìkì kan, mo ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ lára òmíràn. Òkú ni mo tọ̀ lẹ́yìn títí mo fi mọ ọ̀nà. Ìgbà tí ó yé mi tán, dísìkì tí àbíkẹ́yìn rù gan-an ló yẹ kó wà níwájú, ti àkọ́bí ló yẹ kó gbẹ́yìn pátápátá.

Ní gbogbo àkókò yìí obìnrin náà kò yé wá. Á gun ọ̀kadà láti Ìyámoyè, á jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn mi, á gbé iṣu sísun lé mi lọ́wọ́, kò ní bi mí ní nǹkan kan. Mo sọ fún un pé kó máa sinmi nílé. Ó ní, "Bí mo bá wà nílé, màá tún máa dìde." N kò sọ ọ́ mọ́.

Mo to àwọn ẹ̀dà náà bó ṣe yẹ, mo ṣí wọn. Orúkọ àwọn fáìlì jáde lọ rẹrẹẹrẹ. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìkómọjáde, ìsìnkú, ọdún púpọ̀. Obìnrin náà rí ojú mi, ó dìde, ó dúró lẹ́yìn mi. Mo wá ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Mo tún wá a. Ìsìnkú ìyá tèmi ni mo rí. Mo rí ìyá mi nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú òwú nímú, èyí tí n kò wá. Mo ti fáìlì náà.

Ibi tí ẹ̀rọ ti ń nu nǹkan nù kí iná tó lọ, ibẹ̀ gan-an ni ìgbéyàwó náà wà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti lọ, kò ní padà mọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ní, "Ìyá mi, mi ò ní tàn yín." Ó mi orí. Ó jókòó padà.

Ohun kan ló kù tí mo lè ṣe. Fáìlì fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní àmì kan tó fi máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ sì lè máa tọ ilẹ̀ tó ti di ahoro náà, kó máa ṣa àwọn tó bá kù níbẹ̀. Ó ṣà wọ́n wá díẹ̀díẹ̀. Bàtà ìyàwó. Ìdajì kéèkì. Ọwọ́ tó ń gba òrùka. Àwọn ọmọdé tó ń jẹun lábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tó wo kámẹ́rà tààrà, fìlà lórí, iwájú orí tó hunjọ, ipénpéjú tó wúwo, ojú méjèèjì tó ń rẹ́rìn-ín. Láti abẹ́ imú rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò sí nǹkan kan. Àwọ̀ eérú gbalasa ló kún ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

"Òun nìyẹn," ni obìnrin náà wí. Kò pariwo. Ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà, kò fi kàn án. "Òun rèé o. Òun rèé."

Mo wá ìyókù rẹ̀ títí, mo wá a lára dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí. Ẹ gbà mí, mo sunkún níṣojú oníbàárà.

Àkọ́bí bàbá onífọ́tò gbọ́, ó wá. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ ni kò ti padà sí Àbújá, ó ti rù hangogo. Ó wo fọ́tò náà, ó ní nǹkan wà báyìí lórí ẹ̀rọ ayélujára tó lè fi ọgbọ́n ara rẹ̀ ya ìyókù ojú náà, ètè, àgbọ̀n, kó gún régé débi pé àwọn àgbà ìdílé ọ̀hún kò ní mọ̀. Ó fẹ́ ṣàtúnṣe ni, ọmọ òkú. N kò bínú sí i. Kí n sọ òótọ́, ó wọ̀ mí lọ́kàn. Mo yíjú sí obìnrin náà, mo ṣàlàyé fún un bó ṣe máa ń rí.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ẹnu ta ni yóò yà síbẹ̀?"



Mo tẹ fọ́tò náà jáde bó ṣe wà, ó tóbi bí ìrọ̀rí. Èmi fúnra mi ni mo fi mọ́tò gbé obìnrin náà àti fọ́tò náà lọ sí Ìyámoyè. Olórí ìdílé ọkọ rẹ̀, bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn, gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ìyàwó wa, ìlàjì ojú lèyí."

"Bàbá, ohun tó kù nìyẹn."

"Ẹni tó bá rí i, ṣé yóò mọ̀ ọ́n?"

"Èmi mọ̀ ọ́n."

Bàbá náà wo àwọn tó jókòó yí i ká. Ọ̀kan ní kò bójú mu kí wọ́n sin ẹni tí kò pé. Bàbá ní, "Àwa tí kò rí ìka rẹ̀ kan, ibo la ti rí ẹni tó pé?" Ó ní kí wọ́n lọ pe gbẹ́nàgbẹ́nà.

Wọ́n sin ín lẹ́yìn ilé rẹ̀, nínú oòrùn ọ̀sán. Pósí náà fúyẹ́ débi pé àwọn ọkùnrin tó gbé e kò mọ bí wọn yóò ṣe rìn, wọ́n ń yára jù, olórí ìdílé sì ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n rọra. Kí wọ́n tó dé e, obìnrin náà ní kí wọ́n dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo fọ́tò náà nínú pósí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ fà á dìde, ó já ọwọ́ wọn.

Nígbà tó wá dìde, ọ̀dọ̀ mi ló wá dúró sí. Mo ní kó rọ́jú, pé ó ti rí i sin báyìí, ara yóò balẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Ọlọ́run á ṣe tìrẹ náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti lọ, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi í, pé níbo ló wà. Mo ti bi í báyìí. Ó ń wò mí. Kò lẹ́nu tó máa fi sọ ọ́."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jọ dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi wa erùpẹ̀ bò ó tán.